Ìbọn Tí A Kò Fọ̀

Bí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìtàn ogun ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹni tó yìnbọn la máa ń gbọ́. A máa ń gbọ́ nípa balógun tó ṣíwájú, ìlú tó ṣẹ́gun, ọba tó sá kúrò lórí ìtẹ́, àti ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. A kì í sábà gbọ́ nípa alẹ́ ọjọ́ ogun náà, nígbà tí ariwo ti rọlẹ̀, tí ọmọ ogun kan jókòó sídìí iná, tó gbé ìbọn lé orúnkún, tó ń ti aṣọ tútù bọ inú ọ̀pá rẹ̀. Iṣẹ́ tí a kì í lu ìlù sí ni. Kò sí akéwì tó ń ki ẹni tó ń fọ ìbọn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ yìí ti yí ìtàn padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìdọ̀tí inú ọ̀pá ìbọn wà lára ohun tó dá ìjà ńlá sílẹ̀ ní Íńdíà, pé ó fi ara pa mọ́ fún àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ó pa àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè tó lágbára jù lọ láyé nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ìbọn wọn kò nílò ìtọ́jú. Kì í ṣe láti yin ìbọn ni mo ṣe kọ ọ́. Ohun tí ìbọn ṣe ní ilẹ̀ wa kò ṣeé yìn. Mo kọ ọ́ nítorí pé ohun tí a fojú kéré ló sábà máa ń gba ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba ńlá wa ń ki sínú ìbọn ṣakabùlà ní nǹkan mẹ́ta nínú: iyọ̀ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí-ọjọ́. Nínú ìdá 100, saltpetre máa ń tó 75, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Bí ẹ̀tù yìí bá gbiná, kì í jó tán. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń kù sílẹ̀ bí eérú àti èéfín líle. Díẹ̀ á bá atẹ́gùn jáde, a ó sì rí i bí àwọsánmà funfun lójú ogun. Èyí tó kù á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá.

Ohun méjì ni ìdọ̀tí yìí ń ṣe. Èkíní, ó ń dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyìn bíi mélòó kan, inú ọ̀pá á fún, ọta tó wọlé wẹ́rẹ́ láàárọ̀ kò ní fẹ́ wọlé mọ́ lọ́sàn-án. Èkejì, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ìbọn bá sùn di ọjọ́ kejì láìfọ̀, pàápàá lásìkò òjò, ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà láti inú. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ni ó ń tú ìdọ̀tí ẹ̀tù dúdú, lẹ́yìn náà ni a ó nù ún gbẹ, tí a ó sì fi òróró pa á. Ọ̀pá tí ìpẹtà ti jẹ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ẹran nìkan ni ìbọn lè pa.

Ibo ni àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ti wá? Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ìbọn tún ṣe dáadáa, Ògún ni wọ́n ń sìn, irin kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá láti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní Birmingham, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1813 dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń dán ọ̀pá tuntun wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó pọ̀ ju èyí tí ènìyàn máa ń lò lọ sínú rẹ̀, wọ́n á to àwọn ọ̀pá náà sí yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n á sì dáná sí i láti òkèèrè. Èyí tó bá bẹ́, ó bẹ́ níbẹ̀, kò ní bẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Èyí tó bá yè é, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní bóyá ó sán tàbí ó wú, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Bí ayé ìgbà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tuntun nìyẹn: kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá yóò pa ẹni tó ni ín.

Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán ni, kò ní ilà. Ọta òjé roboto tí kò fún mọ́ ọn ni wọ́n ń jù sí i, ó sì máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá bó ṣe ń jáde. Ìdí nìyí tí kì í fi lọ tààrà fún ìrìn jíjìn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ̀ pé bí a bá kọ ilà sínú ọ̀pá, tí ilà náà sì lọ́ bí okùn, ọta á máa yí bó ṣe ń fò, á sì lọ síbi tí a fojú sùn. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ráífù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọta gbọ́dọ̀ fún mọ́ ilà náà kí ó tó lè yí, ọta tó bá sì fún, tipátipá ni wọ́n á fi kì í wọlé láti ẹnu ìbọn. Bí ìdọ̀tí ẹ̀tù bá ti wá dí ilà, iṣẹ́ di méjì. Nígbà tí oníṣakabùlà bá ti yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, onírráífù ṣì ń bá ọ̀pá jà.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Claude-Étienne Minié, ló wá ojútùú sí èyí ní nǹkan bí 1849. Ọta tirẹ̀ kéré ju ẹnu ọ̀pá lọ díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ní ihò. Á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀tù bá gbiná, agbára rẹ̀ á fẹ ìdí ọta náà, á sì há mọ́ ilà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi irú ọta yìí ṣe ráífù Enfield ti 1853. Kí ìdọ̀tí má baà tètè dí ọ̀pá, wọ́n fi ọ̀rá pa ara ìdì pépà tí wọ́n di ẹ̀tù àti ọta sí. Ọ̀rá yìí ń mú kí ọta yọ̀ wọlé, ó sì ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀. Ọmọ ogun á fi eyín ya pépà náà, á da ẹ̀tù sínú ọ̀pá, á sì ti ọta tẹ̀lé e. Ọgbọ́n gidi ni. Ọ̀rá díẹ̀ lórí pépà ló rọ́pò ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fífọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá wo ni? Ní Íńdíà, Híńdù àti Mùsùlùmí ló kún inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ilé iṣẹ́ East India Company ń lò. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún Híńdù, ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Nígbà tí ráífù Enfield dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tàn ká pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa pépà tí àwọn yóò máa fi ẹnu ya. Àwọn tó ṣe ọta náà kò ṣọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n rí i dájú pé ọ̀rá tí kò ní tàbùkù ẹnikẹ́ni ni wọ́n lò. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá ń sọ pé kí oníkálukú fi ọ̀rá tó wù ú pa tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1857, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Mangal Pandey kọ lu àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Barrackpore; wọ́n yẹgi fún un ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ní ìlú Meerut, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun 85 kọ̀ láti gba ọta. Àwọn ọ̀gá ní ọta àtijọ́ ni, wọn kò gbà gbọ́. Wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, wọ́n sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ wọn dìde, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì forí lé Delhi. Ìjà náà tàn ká àríwá Íńdíà, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣàn níhà méjèèjì. Ní 1858, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso Íńdíà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà pátápátá.

Kò yẹ kí á sọ pé ọ̀rá nìkan ló fa ogun yìí. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọba, owó orí, owó oṣù àwọn ọmọ ogun, àti ìfura pé wọ́n fẹ́ fipá yí ẹ̀sìn àwọn ènìyàn padà, gbogbo rẹ̀ ti kó jọ bí ẹ̀tù. Ọ̀rá ìbọn ni iná tó kàn án. Ẹni tó ronú nípa inú ọ̀pá kò ronú nípa ẹnu tí yóò ya pépà náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà níhà kan, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, tí ó kú sí ibùdó ogun ní 1885. Èkìtì Parapọ̀ wà níhà kejì, àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn, pẹ̀lú Ògèdèngbé ará Iléṣà àti Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn àgbà sọ pé ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè ló fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó kò gbàgbé ilé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ráífù ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn.

Ráífù tuntun wọ̀nyí yàtọ̀ sí ṣakabùlà ní ohun kan: ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí wọn, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tó ní irú ìbọn yìí lè yìn ní ìlọ́po mélòó kan kí oníṣakabùlà tó parí ẹyọ kan, ó sì lè ṣe é ní dídọ̀bálẹ̀, láìdìde fún ọ̀tá láti rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó lè ṣí ìdí ìbọn, kí ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ó wo inú ọ̀pá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìdí ṣakabùlà dí pa. Ẹni tó fọ̀ ọ́ kò lè rí ohun tó kù nísàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ènìyàn lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ìbọn òun mọ́.

Ṣùgbọ́n ráífù ní owó tirẹ̀. Ṣakabùlà kì í ṣe ayan. A lè fi òjé tàbí irin wẹ́wẹ́ bọ́ ọ, alágbẹ̀dẹ àdúgbò sì lè tún un ṣe. Ráífù kò gba ọta mìíràn àyàfi tirẹ̀, ilé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ló sì ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí a ti gba ráífù, ẹni tó ń ta ọta ló di ọ̀gá lórí ogun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó mọ èyí dáadáa. Àwọn ni wọ́n ṣe onílàjà nígbà tí àwọn ọ̀tá méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, àwọn náà ni wọ́n sì wá tú ibùdó ogun ká ní 1893. Lẹ́yìn èyí, abẹ́ wọn ni gbogbo wa wà.

Ní àkókò kan náà, ohun tuntun ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1884, Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Nígbà tó di 1886, wọ́n ti ṣe ráífù Lebel fún un. Ẹ̀tù yìí jó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò fi eérú púpọ̀ sílẹ̀. Ènìyàn lè rò pé ìṣòro ìdọ̀tí ti parí.

Kò parí. Àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun àjèjì. Wọ́n á nu ọ̀pá ìbọn títí á fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìpẹtà á ti yọ lábẹ́ òróró náà. Àwọn kan ní ẹ̀tù tuntun ló ń tú oró sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní irin náà ló ń làágùn. Oríṣiríṣi òróró ni wọ́n rà, tí wọ́n sì dà nù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tó ń jẹ ìbọn wà ní ìdí ọta fúnra rẹ̀. Ní ìdí ọta kọ̀ọ̀kan, ohun ìdáná kékeré kan wà tí irin máa ń gbá kí ẹ̀tù tó gbiná. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi potassium chlorate sí. Bí ó bá jó tán, ohun tó ń kù ni potassium chloride, ìbátan tímọ́tímọ́ iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà ẹ̀tù dúdú, iyọ̀ yìí kéré láàárín ìdọ̀tí tó pọ̀, omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀tù sì ń gbé e lọ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀tù aláìléèfín dé, ìdọ̀tí tó hàn sójú dín kù, wọ́n pa omi tì, wọ́n di òróró mú. Iyọ̀ wá dá kù sínú ọ̀pá. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ìlú etí òkun mọ ohun tí iyọ̀ ń fi irin ṣe.

Wilbert J. Huff, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1922. Òróró kì í tú iyọ̀, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi ni ó ń tú u. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà: omi tí gbogbo ayé kà sí ọ̀tá irin ni ó ń gbà á là, òróró tí gbogbo ayé kà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń bo olè mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn sójà kan kò dúró de ìwé. Nínú ogun 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá ráífù Lee-Enfield wọn. Ìgò òróró kékeré tí wọ́n fi idẹ ṣe wà nínú ihò ní ìdí igi ìbọn náà, pẹ̀lú okùn kan tí irin wúwo wà ní orí rẹ̀ kan, tí ojú aṣọ sì wà ní ìkejì. Wọ́n á ju irin náà sínú ọ̀pá, wọ́n á fà á jáde níhà kejì, aṣọ á sì nu inú ọ̀pá bó ṣe ń kọjá. Omi gbígbóná kọ́kọ́, kí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí irin yóò fi tètè gbẹ, aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e, òróró gbẹ̀yìn. Wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀mọ̀wé tó wá sọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

Irú ráífù yìí náà ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé lọ sí Burma nígbà ogun Hitler. Àwọn ìpín ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ló lọ, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, Yorùbá sì wà lára wọn. Nínú igbó tí òjò kì í dá, ní àfonífojì Kaladan, níbi tí wọ́n ti ń fi orí ru ẹrù nítorí pé mọ́tò kò lè kọjá, okùn àti ojú aṣọ yẹn jẹ́ ara ẹrù ìyè. Wọ́n padà wálé, wọ́n sọ ìtàn ẹkùn, ti òjò àti ti àwọn ará Japan. A kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ ìbọn.

Nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń lọ sópin, àwọn ilé iṣẹ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọta tí kò ní iyọ̀ náà nínú. Àwọn ológun pẹ́ kí wọ́n tó gbà á, nítorí pé ohun ìdáná àtijọ́ ṣeé fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀: irin tó bo ọta. Ọta ráífù tuntun ń yára ju kí òjé lásán lè fara dà á lọ, nítorí náà wọ́n fi awọ irin bò ó. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ lò fún ráífù Springfield ti 1903 jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ nickel, ó sì máa ń fi kókó líle sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Kẹ́míkà tó ní ammonia nínú ni wọ́n fi ń tú u, bí ẹni tó ń lò ó kò bá sì ṣọ́ra, kẹ́míkà náà á ba ọ̀pá jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi bàbà àti zinc rọ́pò nickel.

Láti inú gbogbo èyí ni àṣà kan ti jáde láàárín àwọn tó ń fi ráífù díje: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá tuntun mọ́ iṣẹ́. Irin tí wọ́n fi kọ ilà sínú ọ̀pá máa ń fi ojú wẹ́wẹ́ sílẹ̀, bí ayùn ṣe ń fi ojú sílẹ̀ lára pákó. Àwọn ọta àkọ́kọ́ tó bá kọjá á fi bàbà sínú àwọn ojú wẹ́wẹ́ náà. Nítorí náà, ẹni tó ra ọ̀pá tuntun á yìn ní ẹ̀ẹ̀kan, á fọ̀ ọ́, á tún yìn, á tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn bíi mélòó kan, á yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó fọ̀, títí tí bàbà tó ń jáde lára aṣọ á fi dín kù. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe ọ̀pá gbà pé ó dára. Àwọn mìíràn ní àwọn ti fi òjé àti ìyẹ̀fun líle yọ́ inú rẹ̀ kí àwọn tó tà á, pé fífọ̀ àfọ̀jù kàn ń jẹ ọ̀pá ni. Títí di òní, wọn kò fohùn ṣọ̀kan.

Ẹni tó ń kọ́ ìtàn rí ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Àṣà lè pẹ́ ju ìdí rẹ̀ lọ. Lára ẹ̀rù tí àwọn ènìyàn ń bà nípa ọ̀pá tí a kò fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí a lò ó ti wá láti ìgbà iyọ̀. Iyọ̀ ti lọ kúrò nínú púpọ̀ nínú àwọn ọta, ẹ̀rù kò lọ.

Ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ burú jù: kí á sọ àṣà nù nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vietnam nìyẹn. Láàárín àwọn ọdún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ráífù tuntun tó fúyẹ́, M16. Ọ̀rọ̀ tàn láàárín wọn pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò fífọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà á láìsí ohun èlò ìfọ̀mọ́, láìsí ẹ̀kọ́ tó péye. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dán ìbọn náà wò pẹ̀lú irú ẹ̀tù kan, ẹ̀tù mìíràn ni wọ́n wá ń fi sínú ọta rẹ̀. Wọn kò sì fi chromium bo inú ihò tí ọta ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà gbóná, ó sì tutù fún omi.

Ní ojú ìjà, ìkarahun ọta tó ti yìn á há sínú ihò náà, kò ní jáde. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún ọmọ ogun ni kí ó wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó tì í láti ẹnu ìbọn, kí ó fi ta ìkarahun náà jáde, bí ẹni tó ń ki ṣakabùlà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tiẹ̀ ní ọ̀pá náà lọ́wọ́. Àwọn kan kú pẹ̀lú ìbọn tó há. Àwọn ọ̀dọ́ náà kọ lẹ́tà sí àwọn òbí wọn, àwọn òbí sì gbé e lọ bá àwọn aṣòfin. Ní 1967, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tí Richard Ichord ṣe alága rẹ̀, ṣèwádìí, ó sì bá àwọn tó bójú tó ètò ìbọn náà wí kíkankíkan. Wọ́n fi chromium bo ihò náà, wọ́n pín ohun èlò ìfọ̀mọ́, wọ́n sì ní kí Will Eisner, ayàwòrán tó gbajúmọ̀, ya ìwé alámì àwòrán tí yóò kọ́ sójà bí a ṣe ń fọ ìbọn. Ìbọn náà wá dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú kò padà.

Bí mo bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, ohun kan ló jọra nínú wọn. Ẹni tó pinnu irú ọ̀rá tí wọ́n fi pa pépà kọ́ ni wọ́n dè ní Meerut. Ẹni tó sọ pé M16 kò nílò fífọ̀ kọ́ ló wà nínú igbó nígbà tí ọta há. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń jìyà àìbìkítà àwọn tó wà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́, bí sójà tó ń da omi gbígbóná sínú ọ̀pá ṣáájú kí ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé rẹ̀. Bí ìyá tó gba lẹ́tà ọmọ rẹ̀ kò bá pariwo, ta ni ì bá gbọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọdẹ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Àwọn kan nínú wọn jogún ìbọn lọ́wọ́ baba, baba sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba tirẹ̀. Bí ẹ bá dọ́bálẹ̀ tàbí tí ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ má bi wọ́n nípa ẹran tí wọ́n pa nìkan. Ẹ bi wọ́n bí bàbá wọn ṣe ń tọ́jú ìbọn náà, kí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Àwọn tó lọ sí Burma ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, a kò sì bi wọ́n.